Ìwé Ìpè Kan Láti Ìbàdàn

Thamesmead, London
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2025

Abọ́sẹ̀dé, àbúrò mi,

Èmi ni mo fi ìwé ìpè rẹ pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ìlà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti ya á, nítorí náà jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀rù tó tún bà mí.

Ní ọdún 1974, ilé wa ní Ilẹ̀ṣà kò ní àpótí lẹ́tà. Àpótí iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ni lẹ́tà gbogbo ará ilé ń gbà wọlé, èmi ni mo sì ń kó wọn bọ̀. Lẹ́tà kan dé fún ọ láti Ìbàdàn, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣa àwọn ọmọbìnrin tí yóò gbá họ́kì fún Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ní kí o wá dán ara rẹ wò níwájú àwọn. Mo kà á, mo ká a, mo fi í sápò. Ní gbogbo ìgbà tí o bá bi mí, "Bọ̀dá, lẹ́tà ò tíì dé?", mo ní kò dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o kò bi mí mọ́. O mú ọ̀pá họ́kì rẹ, o fún aládùúgbò wa kó máa fi lé ewúrẹ́.

Ohun tí mo sọ fún ara mi nígbà náà ni pé ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ ti sún mọ́lé, pé ọmọ tó bá ń sáré kiri pápá kò ní í jókòó kàwé. O kàwé lóòótọ́. O di agbẹ̀bí, ìdajì àwọn ọmọ Ilẹ̀ṣà ló sì gba ọwọ́ rẹ wáyé. Gbogbo ìgbà tí ọkàn mi bá ń dá mi lẹ́bi, ìyẹn ni mo fi ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún tuntun, nígbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé wọ́n ti fi Ìyèbíyè, ọmọbìnrin Tèmilọlá ọmọ mi, ṣe balógun ikọ̀ họ́kì rẹ̀, o rẹ́rìn-ín, o ní, "Èmi ló jogún, àmọ́ ó jù mí lọ. Èmi náà gbìyànjú nígbà tèmi, wọn ò kàn mú mi ni. Mi ò tó o gbá." Mo gbé abọ́ ìrẹsì mi sílẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ṣì gbà gbọ́ pé òun kò tó, irọ́ mi ló sì gbà gbọ́.

Ìwé náà ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Ì bá wà ni, ǹ bá dá a padà.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó lẹ́nu láti kí ọ. O kú ọyẹ́ o. Ara ńkọ́? Mọ́wùnmí ọmọ rẹ ńkọ́? Ara tèmi le, àfi orúnkún. Tèmilọlá wà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ọsibítù ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common, ó kí ọ. Ikọ̀ Ìyèbíyè, Marsh Herons, wà ní ipò kẹta. Ikọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni yóò lọ gbá ohun tí wọ́n ń pè ní playoff, ẹni tó bá sì borí níbẹ̀ yóò gòkè sí ìpele tó ga jù. Ọdún mẹ́sàn-án ni Herons ti ń dé ẹnu ọ̀nà yìí tí wọ́n ń ṣẹ́rí padà. Gbogbo àwa olólùfẹ́ wọn ló gbà pé tọdún yìí yàtọ̀.

Ẹni kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ nílé lọ́túnla, òun ni mo fi ìwé yìí rán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọlágúnjú


Thamesmead
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejì, 2025

Abọ́sẹ̀dé mi,

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o kò fèsì. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mọ́wùnmí ló gbé e lánàá, ó ní, "Daddy London, Mummy ò sí nílé." Mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí o ń sọ pé, "Sọ pé mo ti jáde. Sọ pé mo lọ ìsìn." Ìsìn wo ni wọ́n ń ṣe ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Sátidé?

Ìbínú rẹ tọ́. Mi ò ní kí o má bínú. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí o bínú sí etí mi, kí n gbọ́.

Ìròyìn níbí kò dára. Herons ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì léraléra, a ti já wálẹ̀ sí ipò karùn-ún. Àwa mẹ́ta mẹ́rin tí a jẹ́ àgbà ọmọ Nàìjíríà la máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú fúláàsì tíì. Ní Sátidé tó kọjá, Bàbá Obed, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ti ibi ìsọmọlórúkọ wá tòun ti sùtánà funfun lọ́rùn. Bí ọmọ wa kan ṣe ṣubú, àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ kejì ń pe Bàbá Obed kó sáré wọlé. Wọ́n rò pé òun ni dókítà ikọ̀ wa. Òun náà sì dìde! Mo ní, "Bàbá Obed, níbo lẹ ń lọ?" Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, wọ́n pè mí."

A rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ a tún pàdánù. Fèsì, jọ̀wọ́.

Ọlágúnjú


Ilẹ̀ṣà
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, 2025

Bọ̀dá mi,

Mo kí yín, mo kí Tèmilọlá àti ọmọ rẹ̀. Ìwé yín méjèèjì dé ọwọ́ mi. Fóònù tí ẹ ń pè náà, mò ń rí i. Ìwé lẹ fi ṣẹ̀ mí, ìwé náà la ó fi parí rẹ̀.

Nígbà tí mo ka ti àkọ́kọ́ tán, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mọ́wùnmí ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀gbọ́n mi jí nǹkan mi ní ọdún 1974, òní ló jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, ẹ̀rín náà sì tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò mọ̀ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ipò mátírọ̀ọ̀nù lọ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní kí wọ́n mú ẹlòmíràn. Gbogbo ènìyàn ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀, Bọ̀dá. Mo ti sáré dé géètì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rí láti dúró de ohun tí kò wá, mo sì pinnu pé mi ò tún ní í fi ara mi síbi tí wọ́n ti lè kọ̀ mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo ṣe ìpinnu yẹn. Mi ò yí i padà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìdí tí ẹ sọ kò pé. Bàbá wa fúnra wọn ló ra ọ̀pá yẹn fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ mi lẹ̀ ń ṣọ́, ẹ̀ bá ti fi lẹ́tà náà hàn wọ́n, kí ẹ sì bá wọn jà. Ẹ lọ jókòó, kí ẹ wá ìdí gidi jáde.

Ìwé sọnù kẹ̀? Ẹ̀yin tí láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ tí ẹ gùn ní ọdún 1971 ṣì wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ fi hàn wá nígbà tí ẹ wálé kẹ́yìn? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì dárí jì yín o. Mo ṣì ń rò ó.

Ẹ sọ fún Ìyèbíyè pé ó máa ń gbé orí sókè kó tó ta bọ́ọ̀lù. Mo rí i nínú fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́. Kó máa wo bọ́ọ̀lù, góòlù kò ní í rìn kúrò níbẹ̀. Ẹ má sì dá fídíò ọjọ́ Sátidé dúró, ìyẹn kò sí nínú ìjà.

Àbúrò yín,
Abọ́sẹ̀dé


Thamesmead
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2025

Abọ́sẹ̀dé,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìwé rẹ. Mo fi gègé fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mátírọ̀ọ̀nù yẹn. Mo kàn ní kí o mọ̀ pé mo gbọ́ ọ.

Mi ò tíì lè dáhùn ìyókù, nítorí nǹkan ṣẹlẹ̀ níjẹta tó da gbogbo ilé yìí rú. A kò wọ playoff.

A ti tún padà borí lẹ́ẹ̀mẹta, débi pé ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ló kù. Tí a bá borí, a wọlé. Tí a bá ta ọ̀mì, ó parí. Orí pápá tiwa ni, òjò ń fín wínníwínní. Ó di góòlù méjì sí méjì, ìṣẹ́jú kan ló kù, réfirí sì fún wa ní pẹ́nárítì. Ìyèbíyè fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú. Bàbá Obed gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá Tèmilọlá, ó ti bọ́ sí i! Ègún ọdún mẹ́sàn-án ti fọ́!"

Ọmọ náà dorí kodò, ó ń wo bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ó fi gbogbo agbára ta á. Àfi bí ọ̀pá ṣe yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Bọ́ọ̀lù rọra yí lọ bá gólíì wọn bí ẹni ń lọ kí i. Ọ̀pá ní tirẹ̀ fò kọjá lórí góòlù, ó lọ balẹ̀ lẹ́yìn wáyà. Ọ̀pá rìn jìnnà ju bọ́ọ̀lù lọ.

O kò rí irú ìbànújẹ́ àwọn ènìyàn yìí rí. Obìnrin kan ń pariwo "Nine years!" sí ojú ọ̀run. Ọkùnrin òyìnbó kan tó ti ń tẹ̀lé Herons láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ fìlà Herons tó dé, ó sọ ọ́ sínú bíìnì. Kó tó dé ẹnu géètì, ó padà wá yọ ọ́, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ó dé e. Bàbá Obed jókòó sórí koríko tútù, ó ní òun kò wo họ́kì mọ́ láyé òun, ayò ọlọ́pọ́n lòun máa wò, nítorí ọmọ ayò kì í fò kọjá wáyà.

Wàyí o, ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Ìyèbíyè ń jẹun, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mú òróró ìyàsímímọ́ tí a gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbàdúrà, mo sì fi òróró náà ra ọ̀pá. Mo ní kí n ra orí rẹ̀ níbi tí wọ́n fi ń ta bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé ọwọ́ ni Ọlọ́run máa ń bù kún. Mo bá ra ibi tí wọ́n ti ń dì í mú pẹ̀lú. Mo ra á dáadáa.

Òjò àti òróró, Abọ́sẹ̀dé.

Láti ìgbà náà ọmọ náà ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Ó ní ọwọ́ òun ló kọ̀ fún òun, pé balógun tí kò lè di ọ̀pá mú kì í ṣe balógun. Ó ní òun máa kúrò nínú ikọ̀ náà. Mo ń wò ó lẹ́nu, mi ò sì lè la tèmi.

Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Má jẹ́ kí Tèmilọlá gbọ́.

Ọlágúnjú


Ilẹ̀ṣà
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, 2025

Bọ̀dá mi,

Mọ́wùnmí ló ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò lè dúró de ẹni tó ń rìnrìn àjò.

Mo rẹ́rìn-ín òróró yẹn títí ìhà fi ń dùn mí. Mọ́wùnmí ń rẹ́rìn-ín, ẹran tó ń dín sì jóná. Ẹ ní ẹ ra á dáadáa! Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó tó báyìí. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ ọdún mélòó ni Ìyèbíyè? Kò ha pé méjìdínlógún ni? Ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ báyìí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò tó. Ẹnì kan wà nínú ilé kan náà tó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì ń mu tíì. Bọ̀dá, mo mọ yàrá yẹn. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí. Ẹ ti ṣe é fún èmi, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é fún òun náà. Ẹ sọ fún un lónìí. Kó bú yín, kó má bá yín sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, ẹ gbà á. Ìyẹn kéré sí ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Tí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́. Èmi ni mo ń wí bẹ́ẹ̀, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Tí ẹ bá sì ti sọ ọ́, ẹ wá dáhùn ìbéèrè tèmi méjèèjì.

Abọ́sẹ̀dé


Thamesmead
Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin, 2025

Abọ́sẹ̀dé, àbúrò mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Mo ti sọ ọ́ fún un.

Kò rọrùn bí o ṣe rò. Ọjọ́ kejì tí ìwé rẹ dé, mo rí Ìyèbíyè tó gbé àpò họ́kì rẹ̀ kọ́ èjìká. Mo ní níbo? Ó ní Woolwich, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Powis Street tó ń gba ohun tí ènìyàn kò lò mọ́. Mo ní kó dúró, mo ń bọ̀. Bí a ṣe wọ bọ́ọ̀sì 472 nìyẹn, èmi pẹ̀lú orúnkún mi, a gun òkè lọ jókòó. Mo ń ka ibùdó kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé tí a bá fi dé Woolwich kí n tó sọ̀rọ̀, mo ti parẹ́ lójú rẹ. Nígbà tí a kọjá Plumstead, mo ní, "Ìyèbíyè, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Èmi ni. Mo fi òróró ra ọ̀pá rẹ."

Ó wò mí. "Grandpa, o fi oil sí stick mi?"

Mo ní, "Òróró ìyàsímímọ́ ni."

"It's still oil, Grandpa!"

Obìnrin kan tó jókòó níwájú wa yí ọrùn padà pátápátá, ó ní, "Ẹ má bínú, Daddy, ṣé ibi tí wọ́n ti ń di nǹkan ọ̀hún mú lẹ ra?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ha! Daddy!" Ó tún kọjú síwájú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìyèbíyè bú sí ẹkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Ó ní, "I thought it was me. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń rò pé èmi ni." Lẹ́yìn náà inú bí i gidi. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tó tẹ̀lé e, ó gbé àpò rẹ̀ rékọjá títì, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Thamesmead. Kò dúró dè mí. Àpò náà kò dé Powis Street.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Tèmilọlá náà bá mi wí, ó bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọ wí, mo sì gbà á. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyèbíyè wá bá mi ní pálọ̀, ó ní òun ti sọ fún àwọn ọmọ ikọ̀ òun, òun ṣì ni balógun, ó sì ní Chloe, gólíì wọn, fẹ́ mọ̀ bóyá òróró náà kù, kí a lọ fi ra ọ̀pá àwọn tó bá fẹ́ gbá pẹ́nárítì sí òun lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá Obed náà ti padà sẹ́nu ìsìn họ́kì. Ó ní ayò kò ní ariwo.

Ó ku ìbéèrè rẹ.

O ní ìdí mi kò pé. O tọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí ìwé rẹ dé ni èsì ìdánwò HSC mi, èyí tí mo fẹ́ fi wọ yunifásítì, dé, ó sì jẹ́ ìgbà kejì tí mo fìdí rẹmi. Lẹ́tà méjì ni mo fi sápò lọ́jọ́ náà. Mo rí i lójú inú mi bí Bàbá yóò ṣe gbé tìrẹ kiri àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn yóò máa kí wọn, tí ẹnì kan yóò sì wá bèèrè pé, "Tíṣà, tiyín ńkọ́?" Ara mi kò gbà á pé àbúrò mi yóò yọ nínú ilé tí èmi ti ń tijú. Ìlara ni, Abọ́sẹ̀dé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ, lẹ́yìn ìgbà tí mo ti ṣe é tán ni mo wá a rí.

O sì ní ìwé náà kò sọnù. O tọ̀nà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó wà nínú fáìlì àwọn ìwé ẹ̀rí mi. Ó bá mi dé Ìbàdàn, ó bá mi wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí London. Mi ò lè dáná sun ún, mi ò sì nígboyà láti fi í ránṣẹ́, nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò bá ohun tí mo sọ fún ọ mu. Mo ní wọ́n pè ọ́ kí o wá dán ara rẹ wò. Irọ́ ni ìyẹn náà. Àwọn tó wá wo eré iléèwé yín ti rí ọ, ìdánwò ti parí. Orúkọ mẹ́rìndínlógún ló wà lórí ìwé náà, tìrẹ ló ṣáájú, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ síwájú rẹ̀ pé ìwọ ni balógun.

Adédọ̀tun, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ń bọ̀ nílé ní Ọjọ́rú. Mo ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ nìkan ni kó fi í lé, kò gbọdọ̀ fún Mọ́wùnmí, kò sì gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún aládùúgbò. Ó wà nínú àpòòwé tí wọ́n fi rán an láti Ìbàdàn, sítáàǹpù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì pọ̀ mọ́ ọn, kí o má baà rò pé mo fi ń ṣe pàṣípààrọ̀.

Ìwé rẹ nìyí. Tìrẹ ni.

Ọlágúnjú